Ewé Akíntọ́lá: Ìtàn Ewé Àlejò Kan ní Òṣogbo àti Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà

Nínú gbogbo ewé tí àgbẹ̀ ń já lóko ní Òṣogbo àti ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà láti fi dá ẹ̀jẹ̀ dúró nígbà tí àdá bá ṣá a, èyí tí ọwọ́ kọ́kọ́ ń nà sí ni ewé Akíntọ́lá, bẹ́ẹ̀ sì ni òun ni àbúrò pátápátá láàárín wọn, torí pé kò tíì pé ọgọ́rùn-ún ọdún tí ó dé ilẹ̀ Nàìjíríà. Chromolaena odorata ni àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é. Ẹbí kan náà ni òun, ewúro àti yánrin, ẹbí Asteraceae, nínú èyí tí ohun tí ojú ń rí bí òdòdó kan ṣoṣo jẹ́ ọ̀pọ̀ òdòdó wẹ́wẹ́ tí ó so mọ́ra. Ó máa ń ga tó ènìyàn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ewé rẹ̀ ń hù ní méjì-méjì, wọ́n ń kọjú síra, iṣan mẹ́ta sì yọ láti ìdí ewé kọ̀ọ̀kan bí ẹnu àmúga. Ìgbà ọyẹ́ ni ó ń tanná, òdòdó rẹ̀ a funfun tàbí kí ó ní àwọ̀ àlùkò fẹ́ẹ́rẹ́, irú rẹ̀ a sì hu irun bí òwú, tí afẹ́fẹ́ yóò fi gbé e lọ sí oko olóko.

Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni orísun rẹ̀, láti Florida àti Mẹ́síkò títí dé àríwá Ajẹntínà. Eupatorium odoratum ni Linnaeus pè é ní 1759, orúkọ yìí ni ó sì wà nínú ìwé títí wọ́n fi yí i padà ní 1970. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni wọ́n gbé e dé ọgbà ewéko Kolkata ní Íńdíà, ibẹ̀ ni ó sì ti tàn ká Éṣíà. Kò sẹ́ni tí ó gbé e wá sí Nàìjíríà fún oògùn. Ní nǹkan bí 1937, nígbà tí ìjọba amúnisìn ń kó irúgbìn Gmelina, igi pákó tí ó ń yára dàgbà, wá láti Sri Lanka sí agbègbè Enugu, irú ewé yìí ti dà pọ̀ mọ́ irúgbìn náà.

Orúkọ tí àwọn Yorùbá sọ ọ́ ni ẹ̀rí tí ó dára jù nípa ìgbà tí ó gbilẹ̀ ní ìhà ìwọ̀-oòrùn. Àwọn kan ń pè é ní ewé Awólọ́wọ̀, àwọn mìíràn ní Akíntọ́lá, àwọn kan sì fi kún un, wọ́n ní Akíntọ́lá-takú. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ni ó ṣe olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn láti 1954 sí 1959, Samuel Ládòkè Akíntọ́lá sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ títí wọ́n fi pa á ní oṣù Kìíní 1966, nítorí náà àsìkò àwọn méjèèjì ni ewé náà pọ̀ débi tí ojú kò fi lè fò ó mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí ní Gánà, níbi tí wọ́n ti ń pè é ní Acheampong, orúkọ ọ̀gágun tí ó ṣèjọba láti 1972 sí 1978. Ní ti takú, ìtàn ọdún 1962 tan ìmọ́lẹ̀ sí i: Ọọ̀ni Adésọjí Adérẹ̀mí, tí ó jẹ́ Gómìnà, yọ Akíntọ́lá nípò, ó sì fi Dáúdà Adégbẹ́nró rọ́pò rẹ̀, ṣùgbọ́n Akíntọ́lá kọ̀ jálẹ̀, ó gba ilé ẹjọ́ lọ, nígbà tí ó sì fi di 1963 ó ti padà sórí àga. Ewé tí àgbẹ̀ ṣán lánàá tí ó tún rú láti ìdí rẹ̀ yẹ irú orúkọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà sí Òṣogbo àti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, torí pé ẹgbẹ́ òṣèlú NCNC, tí ó bá Akíntọ́lá ṣe ìjọba pọ̀ nígbà tí ó padà sórí àga, lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ní Òṣogbo àti Iléṣà, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí ó wà nínú ẹgbẹ́ náà, Odeleye Fadahunsi, ni ó sì di Gómìnà ní 1963.

Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ti ń gbin kòkó láti ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ibi tí wọ́n bá ti ṣán igbó, tí wọ́n la ọ̀nà, tàbí tí wọ́n wa góòlù bí ti ìhà Ìtagunmọdi, tí oòrùn fi rí ilẹ̀ kòrókòró, ni ewé yìí ń gbà. Ó ń bo kòkó kékeré mọ́lẹ̀, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá sì dé, a gbẹ débi pé ó ń fa iná wọ oko. Síbẹ̀ àgbẹ̀ mọ oore rẹ̀: ó ń borí ẹ̀kan, koríko tí apá kì í ká, ilẹ̀ tí ó bá sì sinmi lábẹ́ rẹ̀ a máa lọ́ràá. Tata, kòkòrò aláràbarà tí ń jẹ ewé ẹ̀gẹ́, fẹ́ràn òdòdó rẹ̀ púpọ̀, nítorí pé èròjà olóró kan tí wọ́n ń pè ní pyrrolizidine wà nínú rẹ̀, èyí tí tata ń kó sára láti fi dáàbò bo ara rẹ̀ àti ẹyin rẹ̀. Èròjà yìí kan náà a máa ba ẹ̀dọ̀ ènìyàn jẹ́, nítorí náà ojú ọgbẹ́ ni ó yẹ kí ewé náà mọ, kí wọ́n má ṣe sọ ọ́ di àgbo àmumu.

Ìlò rẹ̀ fún ọgbẹ́ kò le rárá: wọn a já ewé tútù, wọn a fọwọ́ ra á títí omi yóò fi jáde, wọn a fún omi náà sójú ọgbẹ́, wọn a sì fi ewé tí wọ́n ra náà lé e. Ní Vietnam, níbi tí òun náà ti jẹ́ àlejò, àwọn oníṣègùn fi í tọ́jú ọgbẹ́ àti ojú iná, ìwádìí sì fi hàn pé omi ewé náà ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì, ó sì ń ran ẹran ara lọ́wọ́ láti jinná.

Ohun tí ó yẹ kí òǹkàwé dúró wò ni pé ewé yìí wọ inú ìṣègùn láìsí ogún kankan. Nínú ìwé Awọn Ewé Ọ̀sányìn, tí Pierre Verger, ẹni tí ó di babaláwo ní Kétu, tẹ̀ jáde ní Yunifásítì Ifẹ̀ ní 1967, àti nínú iṣẹ́ rẹ̀ ńlá tí ó jáde ní 1995, ó ṣàlàyé bí orúkọ ewé àti ọ̀rọ̀ ìṣe inú ọfọ̀ ṣe ń so mọ́ra, tí pípe orúkọ náà fi jẹ́ apá kan iṣẹ́ ewé. Orúkọ òṣèlú ni Akíntọ́lá jẹ́, kò sọ nǹkan kan nípa ẹ̀jẹ̀ tàbí ọgbẹ́. Àwọn tí àdá ṣá lóko ni ó dán an wò tí wọ́n sì rí i pé ó ń ṣiṣẹ́. Ó ṣeé ṣe kí ìmọ̀ àtijọ́ ti ràn wọ́n lọ́wọ́, torí pé imí-eṣú, tí wọ́n ti ń fi sójú ọgbẹ́ tipẹ́, jẹ́ ìbátan rẹ̀, òun náà sì ní òórùn líle bí wọ́n bá fọwọ́ ra á. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni imí-eṣú pàápàá ti wá, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ débi pé kò sẹ́ni tí ó ń kà á sí àlejò mọ́.

Ní Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, hẹ́kítà 75 tí UNESCO kà mọ́ ogún àgbáyé ní 2005, oríṣi ewéko tí ó lé ní 400 ni wọ́n kà, èyí tí ó sì lé ní 200 nínú wọn wúlò fún oògùn. Ewé Akíntọ́lá kì í lè dúró lábẹ́ àwọn igi igbó náà, nítorí pé òjìji ń pa á. Ibi tí igi bá ti wó tí ọ̀run sì là sílẹ̀ ni ó ń dúró dè.