Ààfin Ọ̀wọ̀ àti Igbó Ẹ̀yìn Ààfin

Àwọn baba wa a máa wí pé ilé ọba tí ó jó, ẹwà ni ó bù sí i. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe iná ni ó bu ẹwà náà, bí kò ṣe ọwọ́ àwọn ará ìlú tí wọ́n tún ilé náà kọ́. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí sí ọkàn bí a ti ń ka ìtàn ààfin Ọlọ́wọ̀.

Nínú àwọn ààfin ńlá ilẹ̀ Yorùbá, ti Ọ̀wọ̀ wà ní iwájú. A gbọ́ pé àgbàlá rẹ̀, tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní ùghà, tó 100 nígbà kan rí. Yàrá àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ yí àgbàlá kọ̀ọ̀kan ká, òpó igi ọlọ́nà sì gbé òrùlé ró. Iṣẹ́ àgbàlá kọ̀ọ̀kan yàtọ̀. Èyí tí ó tóbi jù lọ ni gbogbo ìlú ń péjọ sí.

Láyé àtijọ́, ọba Yorùbá kì í ṣe ẹni tí à ń rí ní ọjà lójoojúmọ́. Nítorí náà ni a ṣe fi ilẹ̀ gbọọrọ àti igbó sí ẹ̀yìn ààfin, kí kábíyèsí lè rí ibi na ẹsẹ̀, kí a sì lè rí ewé já fún oògùn.

Ní ilẹ̀ Faransé, Ọba François Kìn-ín-ní bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ààfin Chambord ní 1519 láàárín igbó ọdẹ. Ògiri tí ó yí igbó náà ká gùn tó kìlómítà 32. Ọba náà kò fi bẹ́ẹ̀ gbé inú rẹ̀, síbẹ̀ ó dúró títí di òní, nítorí òkúta ni. Amọ̀ ni tiwa. Bí òjò bá lu ògiri amọ̀ tí a kò tún un rẹ́, yóò wó. Tẹ́lẹ̀ rí, àdúgbò kọ̀ọ̀kan ní apá tirẹ̀ tí ó ń tún ṣe nínú ààfin. Nígbà tí àṣà náà rọ̀, ọ̀pọ̀ àgbàlá ààfin ilẹ̀ wa wó, ilé titun sì jẹ wọ inú igbó ọba.

Ní 2000, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà sọ ààfin Ọ̀wọ̀ di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Òfin lè dá ọwọ́ awólé dúró, ṣùgbọ́n kò lè dá òjò dúró. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn yìí, kí wọ́n lè mọ̀ pé ọwọ́ wọn ni ẹwà ilé ọba yóò ti wá.