Ekadashi: Ọjọ́ Kọkànlá Òṣùpá àti Ààwẹ̀ Rẹ̀ nínú Kàlẹ́ńdà Àwọn Ẹlẹ́sìn Híńdù

Ekadashi ni orúkọ tí àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù fún ọjọ́ kọkànlá nínú ìdajì oṣù kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ èdè Sanskrit ni, ìtumọ̀ rẹ̀ kò sì ju ‘ìkọkànlá’ lọ. Vishnu ni wọ́n ya ọjọ́ náà sọ́tọ̀ fún, ààwẹ̀ sì ni iṣẹ́ rẹ̀ gbòógì. Kì í ṣe òun nìkan ni ọjọ́ òṣùpá tó lọ́wọ̀: ọjọ́ kẹrin ìdajì òkùnkùn jẹ́ ti Ganesha, àwọn tó bá gbààwẹ̀ lọ́jọ́ náà kì í sì í jẹun àfi tí òṣùpá bá yọ, ọjọ́ kẹrìnlá ìdajì òkùnkùn jẹ́ ti Shiva. Ṣùgbọ́n Ekadashi ni ó ń padà wá déédéé jù lọ, òun náà sì ni àríyànjiyàn pọ̀ lórí rẹ̀ jù.

‘Ọjọ́’ tí à ń sọ níhìn-ín kì í ṣe ọjọ́ tó ń bẹ̀rẹ̀ ní ìdájí tó sì ń parí ní ìdájí kejì. Tithi ni wọ́n ń pè é: àkókò tí òṣùpá fi ń jìnnà sí oòrùn ní dígírì 12. Tithi 30 ló wà láàárín oṣù tuntun kan sí èkejì. Ìrìn òṣùpá kì í yára bákan náà nígbà gbogbo, nítorí náà tithi kan lè gba nǹkan bíi wákàtí 19, òmíràn lè tó wákàtí 26. Ó lè bẹ̀rẹ̀ lọ́sàn-án, ó sì lè bẹ̀rẹ̀ lóru. Tithi tí oòrùn bá yọ bá ni ọjọ́ ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Látàrí èyí, tithi kan lè bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí oòrùn ti yọ, kó sì parí kí oòrùn ọjọ́ kejì tó yọ. Irú rẹ̀ kò ní ọjọ́ kankan tí yóò jẹ́ orúkọ rẹ̀. Òmíràn lè rí ìyọ oòrùn méjì. Ẹni tó bá ń fi ìka ka ọjọ́ yóò ṣìnà. Ìwé ìṣirò tí wọ́n ń pè ní panchanga ni gbogbo ènìyàn ń wò.

Ìdajì méjì ni oṣù pín sí: èyí tí òṣùpá ń dàgbà, Shukla, àti èyí tí ó ń dínkù, Krishna. Ekadashi wà nínú méjèèjì, nítorí náà ó jẹ́ 24 lọ́dún. Oṣù òṣùpá méjìlá kò ju nǹkan bí ọjọ́ 354 lọ, ó sì fi nǹkan bí ọjọ́ 11 dín sí ọdún oòrùn. Kàlẹ́ńdà Mùsùlùmí kò dí àlàfo yìí, ìdí nìyẹn tí Ràmàdáánì fi ń bọ́ sí ìgbà òjò nígbà kan, tó sì ń bọ́ sí ẹ̀ẹ̀rùn nígbà mìíràn. Àwọn Híńdù ń fi oṣù kan kún un lẹ́yìn bí oṣù 32 tàbí 33, kí àjọ̀dún má bàa kúrò ní àsìkò rẹ̀. Ọdún tí oṣù àfikún bá wà máa ń ní Ekadashi 26. Ìjọba Íńdíà gbé kàlẹ́ńdà orílẹ̀-èdè kan jáde ní 1957, ṣùgbọ́n kàlẹ́ńdà oòrùn ni. Panchanga ni àwọn olùfọkànsìn ṣì ń lò.

Ìtàn inú Padma Purana sọ pé Vishnu sùn sínú ihò àpáta nígbà tó ń bá ẹ̀mí èṣù kan tó ń jẹ́ Mura jà. Bí Mura ti fẹ́ pa á lójú oorun, omidan kan jáde láti ara Vishnu, ó sì pa ọ̀tá náà. Omidan yìí ni Ekadashi.

Ọkà àti ẹ̀wà ni èèwọ̀ ọjọ́ náà: kò sí ìrẹsì, kò sí àlìkámà, kò sí ẹ̀wà irú èyíkéyìí. Àwọn kan kì í fi ohunkóhun kan ẹnu. Ọ̀pọ̀ ń jẹ èso, wàrà, ẹ̀pà, ọ̀dùnkún òyìnbó, àti hóró funfun róbótó kan tí wọ́n ń pè ní sabudana. Ohun tí wọ́n fi ń ṣe sabudana kò ṣàjèjì sí ọmọ Yorùbá rárá: ìyẹ̀fun gbágùúdá ni. Gbágùúdá, ẹ̀pà àti ọ̀dùnkún òyìnbó, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni gbogbo wọn ti wá, kò sì sí èyí tó dé Íńdíà kí àwọn ará Yúróòpù tó bẹ̀rẹ̀ sí í la òkun kọjá. Òfin àtijọ́ ka ọkà àti ẹ̀wà léèwọ̀; oúnjẹ àjèjì bọ́ sínú àyè tí òfin náà fi sílẹ̀.

Ìṣínu le ju ààwẹ̀ fúnra rẹ̀ lọ. Ọjọ́ kejì, lẹ́yìn tí oòrùn bá yọ, tí tithi kejìlá kò sì tíì parí, ni ó gbọ́dọ̀ wáyé. Ìtàn Ọba Ambarisha nínú ìwé kẹsàn-án Bhagavata Purana dá lórí èyí. Ọba náà ti gbààwẹ̀ tán, ó kù kó ṣínu, ni Durvasa, àlùfáà onínúfùfù kan, wọlé dé. Ọba pè é síbi oúnjẹ, àlejò gbà, ó sì lọ wẹ̀ lódò Yamuna, kò tètè dé. Tithi kejìlá ń tán lọ. Bí ọba bá jẹun ṣáájú àlejò, ó ti tàbùkù àlejò. Bí kò bá sì ṣínu, ààwẹ̀ rẹ̀ bàjẹ́. Àwọn amòye tó bi léèrè dáhùn pé omi mímu jẹ́ jíjẹ, kì í sì í ṣe jíjẹ. Ó mu omi díẹ̀. Nígbà tí Durvasa dé, ó mọ̀, ó bínú, ó fi irun orí rẹ̀ kan dá ẹ̀mí èṣù láti pa ọba. Ohun ìjà Vishnu jó ẹ̀mí náà, ó sì lé Durvasa kiri ọ̀run òun ayé títí tó fi padà wá tọrọ àforíjì. Ọdún kan gbáko ni ọba fi dúró dè é, omi nìkan ló ń mu.

Àwọn ẹ̀ka ẹ̀sìn pàápàá kò fohùn ṣọ̀kan. Bí tithi kẹwàá kò bá tíì parí nígbà tó ku ìṣẹ́jú 96 kí oòrùn yọ, àwọn Vaishnava gbà pé ọjọ́ náà ti lábùkù, wọn a sì sún ààwẹ̀ sí ọjọ́ kejì. Lójú àwọn Smarta, bí tithi kẹwàá bá ti parí kí oòrùn tó yọ, ó tó. Ìdí nìyí tí kàlẹ́ńdà kan fi lè kọ Ekadashi méjì tẹ̀léra, tí aládùúgbò méjì yóò sì gbààwẹ̀ lọ́jọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Àríyànjiyàn rírí oṣù Ràmàdáánì jọ ọ́ díẹ̀, àmọ́ ojú ni ọ̀ràn tibẹ̀ wà fún, ti ibí jẹ́ ti ìṣirò. Oòrùn kì í sì í yọ lẹ́ẹ̀kan náà níbi gbogbo: Ekadashi ìlú London lè má bọ́ sí ọjọ́ kan náà pẹ̀lú ti Delhi.

Nínú gbogbo wọn, Nirjala, ‘aláìlómi’, ló le jù. Oṣù Jyeshtha ló wà, láàárín May àti June, nígbà tí ooru àríwá Íńdíà gbóná janjan. Wọ́n ní Bhima inú Mahabharata kò lè fara da ebi, ni Vyasa bá ní kó gba ẹyọ kan yìí láìmu omi, yóò sì rí èrè gbogbo yòókù. Ní Ekadashi ìdajì ìmọ́lẹ̀ oṣù Ashadha tó tẹ̀ lé e, wọ́n gbà pé Vishnu ń lọ sùn fún oṣù mẹ́rin. Ọjọ́ yìí ni àwọn arìnrìn-àjò ẹ̀sìn ń dé Pandharpur ní ìpínlẹ̀ Maharashtra, lẹ́yìn ìrìn ẹsẹ̀ nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tí wọ́n ń gbé àwòrán bàtà Dnyaneshwar láti Alandi àti ti Tukaram láti Dehu. Nínú oṣù mẹ́rin òjò yìí ni ìyá Gandhi jẹ́jẹ̀ẹ́ nígbà kan pé òun kò ní jẹun láìfojú rí oòrùn. Gandhi kọ ọ́ sínú ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ pé àwọn ọmọ a máa dúró wo ojú ọ̀run, kí wọ́n lè sáré pe ìyá wọn.

Fún ìyá yẹn, ẹ̀jẹ́ àtinúwá ni. Kò rí bẹ́ẹ̀ fún gbogbo obìnrin. Ní ilẹ̀ Bengal, láàárín àwọn ìdílé tó wà lókè nínú ètò kásìtì, dandan ni kí opó gba Ekadashi láìmu omi, lẹ́ẹ̀mejì lóṣù, títí dọjọ́ ikú. Ọmọdébìnrin tí wọ́n ti fọ́kọ, tí ọkọ rẹ̀ kú kó tó bàlágà, wà lábẹ́ òfin kan náà. Ishwar Chandra Vidyasagar, onímọ̀ Sanskrit, wá ẹ̀rí nínú àwọn ìwé mímọ́ láti fi hàn pé opó lè tún ọkọ fẹ́, ìjọba àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì sọ ọ́ di òfin ní 1856. Òfin náà sọ̀rọ̀ nípa ìgbéyàwó. Kò dárúkọ ààwẹ̀.