Ojú Ńlá, Owó Kékeré: Ìtàn Tó Wà Lẹ́yìn Láptọ́ọ̀pù Tókunbọ̀ Wa

Nígbà tí mo wà ní ọdún kejì ní yunifásítì, ìyá mi gba àjọ, ó sì ka 85,000 náírà lé mi lọ́wọ́ pé kí n fi ra láptọ́ọ̀pù. Ohun kan ṣoṣo ni mo sọ fún ọlọ́jà: “Ẹ̀gbọ́n, ojú ńlá ni mo fẹ́ o.” Ó gbé ẹ̀rọ oní-15.6 íǹṣì kan kalẹ̀, ó nu eruku ojú rẹ̀, ó ní, “Àbúrò, èyí kì í ṣe láptọ́ọ̀pù mọ́, tẹlifíṣọ̀n ni.” Mo rẹ́rìn-ín, mo sanwó. Ìgbà tí mo dé yàrá mi, tí mo ṣí àwòrán ìwé ìròyìn àtijọ́ kan tí a fẹ́ lò fún iṣẹ́ kíláàsì, ni mo tó rí i pé àwọn lẹ́tà rẹ̀ ṣe bàìbàì. Bí mo bá fẹ̀ ẹ́ kí ó lè ṣeé kà, òpó ọ̀rọ̀ kan péré ló ń hàn. Ojú rẹ̀ tóbi lóòótọ́, àmọ́ kò ríran.

Ní báyìí tí a ti dé ọdún àṣekágbá, tí iṣẹ́ àpilẹ̀kọ sì wà lọ́rùn wa, ìbéèrè kan náà ni mò ń gbọ́ ní họ́sítẹ́ẹ̀lì: “Láptọ́ọ̀pù ojú ńlá wo ni owó kékeré lè rà?” Ọmọ ẹ̀kọ́ ìtàn ni mí. Dípò kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ ẹ̀rọ, mo béèrè ibi tí ojú ńlá olówó pọ́ọ́kú ti ṣẹ̀ wá. Ohun tí mo rí nìyí: àwọn tó ṣe kọ̀ǹpútà fún mẹ̀kúnnù, ojú kékeré ni wọ́n fún un. Ojú ńlá tó ń tẹ̀ wá lọ́wọ́, ọfíìsì ẹlòmíràn ló ti wá. Ẹni tó bá mọ èyí yóò mọ ohun tó yẹ kó béèrè lọ́jà.

Nígbà tí kọ̀ǹpútà alágbèéká jẹ́ ẹrù alábàárù

Ní 1981, Adam Osborne gbé Osborne 1 jáde ní Amẹ́ríkà. 1,795 dọ́là ni wọ́n ń tà á, ó wúwo tó kílò 11, ojú rẹ̀ kò sì ju íǹṣì 5 lọ. Fóònù tó wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa lónìí fẹ̀ jù ú lọ. Compaq Portable tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní 1983 ní ojú íǹṣì 9. Iye rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 2,995 dọ́là, ó sì wúwo tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin àpò sìmẹ́ǹtì. Ojú àwọn méjèèjì jẹ́ ìgò bíi ti tẹlifíṣọ̀n ayé àtijọ́. Bí irú ìgò bẹ́ẹ̀ bá ṣe ń fẹ̀ sí i ni ẹ̀yìn rẹ̀ ń gùn sí i, tó sì ń wúwo sí i. Ẹni tó bá fẹ́ ojú ńlá nígbà náà, àfi kó wá alábàárù.

Ojú pẹlẹbẹ ló yanjú ọ̀rọ̀ ìwúwo. GRiD Compass tó jáde ní 1982 ṣeé pa dé bí ìwé, NASA sì gbé e lọ sí òfuurufú. Ṣùgbọ́n 8,150 dọ́là ni, ojú rẹ̀ ò sì ju íǹṣì 6. Ìwúwo lọ, owó kò lọ.

Kí ló mú kó wọ́n tó bẹ́ẹ̀? Àwòrán tí a ń rí lójú kọ̀ǹpútà, ọ̀pọ̀lọpọ̀ tóótòòtó ìmọ́lẹ̀ ló para pọ̀ di í. Àwọn ni wọ́n ń pè ní píkísẹ́lì. Nígbà tí ojú pẹlẹbẹ aláwọ̀ dé, transistor tirẹ̀ ni wọ́n ń ṣe fún píkísẹ́lì kọ̀ọ̀kan sára gíláàsì. Àbùkù díẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ lè mú kí wọ́n da odindi gíláàsì nù, bí gíláàsì bá sì ṣe fẹ̀ tó ni àyè àbùkù ṣe ń pọ̀ tó. ThinkPad 700C tí IBM gbé jáde ní oṣù kẹwàá 1992, ojú aláwọ̀ íǹṣì 10.4 ni, 4,350 dọ́là sì ni wọ́n ń tà á. Ní oṣù kìíní 2003, Apple gbé PowerBook oní-17 íǹṣì jáde: 3,299 dọ́là. Fún ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹrù olówó ni ojú ńlá jẹ́.

Nọ́ńbà ń lọ sókè, ojú ń dín kù

Ibí yìí ni ọlọ́jà ti mú mi. Láti igun dé igun ni wọ́n ń wọn ojú kọ̀ǹpútà. Wọn kì í wọn ìbú àti gíga rẹ̀. Nítorí náà, nọ́ńbà kan náà lè bo ojú tó yàtọ̀ síra. Láptọ́ọ̀pù oní-15 íǹṣì ti nǹkan bí ọdún 2000 máa ń fẹ̀ ní íǹṣì 12, ó sì ga ní íǹṣì 9: 108 ni àròpọ̀ àyè rẹ̀ ní íǹṣì onígun mẹ́rin. Èyí tó tẹ̀ lé e jẹ́ 15.4, ó sì gbòòrò díẹ̀ sí i: àyè rẹ̀ tó nǹkan bí 107. Láàrin 2008 sí 2010, àwọn ilé iṣẹ́ yí sí ìrísí tẹlifíṣọ̀n ìgbàlódé, torí pé gígé gíláàsì sí ìrísí kan náà fún tẹlifíṣọ̀n àti kọ̀ǹpútà kì í jẹ́ kí gíláàsì ṣòfò púpọ̀. Báyìí ni 15.6 ṣe dé. Àyè rẹ̀? Nǹkan bí 104.

Ẹ wò ó: láti 15 sí 15.6, nọ́ńbà ròkè, àyè dín kù. Gíga rẹ̀ gan-an ló dín kù jù, láti íǹṣì 9 sí 7.65, bẹ́ẹ̀ gíga ni ẹni tó ń kàwé nílò. Fíìmù ló jèrè ìyípadà yìí, kì í ṣe ìwé.

Ohun tó wá burú fún èmi ni iye píkísẹ́lì. Ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù 15.6 tó pọ́ọ́kú jẹ́ 1366 lọ́nà 768, èyí tó lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù kan píkísẹ́lì. Èyí tó jẹ́ 1920 lọ́nà 1080 lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù méjì. Ojú méjèèjì dọ́gba lórí tábìlì, àmọ́ ohun tí ọ̀kan ń fi hàn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì ohun tí èkejì ń fi hàn. N kò béèrè. Ojú ni mo wò, n kò wo ìríran.

Àwọn tó ní àwọn fẹ́ràn mẹ̀kúnnù

Ní 2005, Nicholas Negroponte àti àwọn ènìyàn rẹ̀ kéde pé àwọn yóò ṣe kọ̀ǹpútà 100 dọ́là fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ní àwọn orílẹ̀-èdè tí kò rí já jẹ. Nàìjíríà wà lára ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ dán an wò: ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Galadima, ní Àbújá, ní 2007. Nígbà tí ẹ̀rọ náà, XO, máa fi jáde, iye rẹ̀ ti sún mọ́ 200 dọ́là, ojú rẹ̀ sì jẹ́ íǹṣì 7.5. Lọ́dún kan náà ni Asus ti Taiwan gbé Eee PC oní-íǹṣì 7 jáde. Àwọn mìíràn tẹ̀ lé wọn, wọ́n fẹ̀ ẹ́ dé íǹṣì 10, lẹ́yìn náà ìgbà wọn kọjá.

N kò fi wọ́n ṣẹ̀sín. XO ṣeé kà nínú oòrùn, bí a bá sì pa iná ẹ̀yìn ojú rẹ̀, 1200 lọ́nà 900 ló ń fi hàn ní dúdú àti funfun. Ìyẹn ni pé píkísẹ́lì rẹ̀ ju ti tẹlifíṣọ̀n tí mo rà lọ! Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ kò fara sin. Bí wọ́n bá fẹ́ kí owó kọ̀ǹpútà wálẹ̀, ojú wà lára ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń gé.

Tókunbọ̀

Ojú ńlá wá gba ọ̀nà mìíràn wọlé. Orúkọ ọmọ tí wọ́n bí sẹ́yìn odi tí wọ́n wá gbé wálé ni Tókunbọ̀. Nígbà tí ìjọba ológun gbé ètò SAP kalẹ̀ ní 1986, tí náírà já wálẹ̀, ẹrù tuntun fò kọjá ọwọ́ òṣìṣẹ́. Ọkọ̀, fíríìjì àti ẹ̀rọ tí àwọn ará òkè òkun ti lò bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ orúkọ ọmọ náà. Kọ̀ǹpútà kò gbẹ́yìn. Ní Ìkẹjà, àwọn òpópó bíi Otigba, Pepple àti Ola Ayeni, tí wọ́n jẹ́ àdúgbò ilé gbígbé, di Computer Village.

Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ọmọ tó ti òkè òkun bọ̀ ló dé láàyè. Ní 2005, àjọ Basel Action Network tẹ ìwádìí kan jáde nípa Èkó. Wọ́n fojú bù ú pé nǹkan bí 500 kọ̀ǹténà ẹrù ẹ̀rọ àlòkù ló ń wọlé lóṣooṣù. Àwọn oníṣòwò fúnra wọn sọ fún wọn pé ohun tó tó ìdá 75 nínú 100 ni kò ṣeé tà tàbí tún ṣe lérè. Ààtàn ló ń gba ìyókù, iná ni wọ́n sì ń sọ sí i. Owó àlòkù tí à ń san kì í ṣe ti ẹ̀rọ yẹn nìkan. Owó yíyan gidi kúrò nínú ìdọ̀tí wà nínú rẹ̀.

Ohun méjì tún wá ṣẹlẹ̀ lójú wa. Ní oṣù kẹfà 2023, ìjọba tú náírà sílẹ̀. Dọ́là tó jẹ́ nǹkan bí 460 náírà ní iye ìjọba kọjá 1,500 lọ́dún tó tẹ̀ lé e, owó tókunbọ̀ náà sì fò sókè. Èkejì ni pé Microsoft gbé Windows 11 jáde ní 2021, kò sì gba ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ Intel tó ṣáájú ìran kẹjọ wọlé. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá 2025, ó dáwọ́ ìtọ́jú ọ̀fẹ́ tó ń ṣe fún Windows 10 dúró. Ọfíìsì òkè òkun kò lè fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ bó ṣe wù ú mọ́. Ibo lẹ rò pé wọn yóò gbà?

Ohun tí ìtàn kọ́ mi lọ́jà

Mo tà tẹlifíṣọ̀n mi ní àdánù. Mo fi ọdún kan tẹ iṣẹ́ fún àwọn ènìyàn, mo tún padà sọ́jà, lọ́tẹ̀ yìí pẹ̀lú ìbéèrè.

Mo kọ́kọ́ béèrè ilé tó ti wá. Àwọn oní-15.6 tí wọ́n ṣe fún ọfíìsì, bíi HP EliteBook 850 G5, Dell Latitude 5590 àti ThinkPad T580, ti 2018 ni wọ́n. A máa ń rí ti ìran kẹjọ nínú wọn, wọ́n sì gbà á kí a tú wọn ká kí a pààrọ̀ RAM. Lẹ́yìn náà ni mo ṣí ètò ojú rẹ̀, mo fojú ara mi rí 1920 lọ́nà 1080. Latitude 5590 mìíràn wà tó jẹ́ 1366. Mo ṣí ojú ewé funfun gbalaja láti wá àmì dúdú tàbí ẹ̀gbẹ́ tó pọ́n. Mo pa á, mo tún un tàn, kí n lè mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ aṣínà ọfíìsì àtijọ́ ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Mo yọ okùn iná, mo lò ó fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, nítorí ojú ńlá a máa jẹ bátìrì, ẹ sì mọ bí iná wa ṣe rí.

Owó mi kò tó ti èyí tó mọ́ jù. Èyí tó há lẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀ ni mo mú, torí pé ìhá kò dí mi lọ́wọ́ ìwé kíkà. Bí tiyín kò bá tó ojú ńlá tó ríran, ẹ gbà mí gbọ́, 14 íǹṣì tó jẹ́ 1920 sàn ju 15.6 tó jẹ́ 1366 lọ.

Ìyá mi wá sí họ́sítẹ́ẹ̀lì lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó wo ẹ̀rọ náà, ó wo mí, ó ní, “Ṣé eléyìí ń ríran?” Mo ṣí ìwé ìròyìn àtijọ́ yẹn fún un, odindi ojú ewé kan. Ó fa ìgò ojú rẹ̀ yọ nínú báàgì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á.