Ọtí Aboyún: Iṣẹ́ Tí Ann Streissguth Ṣe

Lọ́dún 1973, Ann Streissguth, onímọ̀ nípa ìwà àti òye ẹ̀dá ní Yunifásítì Washington, Seattle, l'Amẹ́ríkà, pẹ̀lú dókítà mẹ́ta, kọ̀wé nípa ọmọ 8 tí ìyá wọn jẹ́ ọ̀mùtí: ojú wọn jọra, ara wọn ò dàgbà tó, òye wọn ò sì jí. Láti 1974, ó tọpa nǹkan bí ọmọ 500 láti inú oyún títí wọ́n fi dàgbà. Ó rí i pé ọtí ìyá ń ba ìrántí àti ìṣirò ọmọ jẹ́, kódà bójú ọmọ ò fi nǹkan kan hàn. Ọgbẹ́ ọpọlọ yẹn kì í jinná. Ẹni tó bá ní ọtí dúdú ń fún aboyún lẹ́jẹ̀, ẹ má dá a lóhùn. Ọmọ tá à ń pè ní olódo lè ti fara gbọgbẹ́ látinú ìyá ẹ̀.