Ta ni Alágbàtà Yóò Ra Orúkọ Lọ́wọ́ Rẹ̀?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ní ti orúkọ orí íntánẹ́ẹ̀tì, àpò ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń wò. Iléèwé, ìwé ìròyìn, ẹgbẹ́ tàbí oníṣòwò tí ó bá fẹ́ ní ojúlé tirẹ̀ níbẹ̀ gbọ́dọ̀ gba orúkọ kan tí ẹlòmíràn kò ní, irú èyí tí ó parí sí .com, .org tàbí .ng. Owó orúkọ yìí kì í ṣe àsanparí. Ọdọọdún ni à ń san án bí owó ilé, bí ọjọ́ bá sì pé tí a kò san án, orúkọ náà lè bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn.

Láàárín ẹni tí ó ni orúkọ àti ibi tí a ti ń kọ orúkọ sílẹ̀ ni àwọn alágbàtà wà. Wọn kò ní àṣẹ ìforúkọsílẹ̀ fúnra wọn. Ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ tí ó ní àṣẹ ni wọ́n ti ń rà á, wọn a fi èrè díẹ̀ lé e, wọn a sì tà á fún oníbàárà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó jẹ́ pé iṣẹ́ kíkọ́ ojú-ìwé orí íntánẹ́ẹ̀tì fún àwọn ènìyàn ni iṣẹ́ wọn gan-an, tí wọ́n sì fi títa orúkọ kún un. Èrè tí ó wà lórí orúkọ kan kéré. Ìdí nìyí tí ìbéèrè àkọ́kọ́ alágbàtà fi máa ń jẹ́: ilé-iṣẹ́ wo ni ó ń tà á ní owó pọ́ọ́kú jù lọ? Ìbéèrè náà tọ́, ṣùgbọ́n ìtàn òwò yìí fi hàn pé kò tó.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, kò sí owó, kò sì sí alágbàtà. Paul Mockapetris ni ó gbé ètò orúkọ yìí kalẹ̀ ní ọdún 1983, kí àwọn ènìyàn má baà máa há nọ́ńbà gbọọrọ sórí kí wọ́n tó lè dé ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà kan. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹta ọdún 1985 ni wọ́n kọ symbolics.com sílẹ̀, òun sì ni orúkọ .com àkọ́kọ́. Ìjọba Amẹ́ríkà ni ó ń gbé bùkátà iṣẹ́ náà nígbà náà. Ní ọdún 1993, iṣẹ́ ìforúkọsílẹ̀ bọ́ sí ọwọ́ ilé-iṣẹ́ kan tí ń jẹ́ Network Solutions, nípa àdéhùn pẹ̀lú àjọ ìjọba tí ń rí sí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ní ilẹ̀ náà. Nígbà tí ó di oṣù kẹsàn-án ọdún 1995, ọ̀fẹ́ tán. Dọ́là 50 ni owó ọdún kan, ẹni tí ó bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gba orúkọ gbọ́dọ̀ san ti ọdún méjì papọ̀, èyí tí í ṣe dọ́là 100. Ọgbọ̀n dọ́là nínú ọgọ́rùn-ún náà ni wọ́n ń yà sọ́tọ̀ fún ìdàgbàsókè íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n dá èyí dúró ní ọdún 1998, owó ọdún kan sì wálẹ̀ sí dọ́là 35.

Ẹnì kan ṣoṣo ni ó ń tajà, ẹnì kan náà ni ó sì ń dá iye. Ẹni tí ó bá ń bá ẹlòmíràn gba orúkọ nígbà náà kàn ń jíṣẹ́ ni, ó ń bá a kọ fọ́ọ̀mù. Kò sí ẹ̀dínwó tí ó lè rí gbà lọ́wọ́ ẹni tí ó mọ̀ pé kò sí ibòmíràn tí oníbàárà lè lọ. Ariwo tí èyí dá sílẹ̀ pọ̀. Ní ọdún 1998 ni wọ́n dá àjọ ICANN sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ California láti máa ṣe kòkárí ètò orúkọ. Ní ọdún 1999, wọ́n la òwò náà sí méjì. Ẹni tí ń tọ́jú ìwé ńlá tí gbogbo orúkọ .com wà nínú rẹ̀ wà lọ́tọ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń gba orúkọ sílẹ̀ fún ará ìlú wà lọ́tọ̀, wọ́n sì lè pọ̀ tó bí ó ti wù kí ó rí, bí ICANN bá ti fún wọn ní àṣẹ. Register.com ni ó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nínú àwọn tuntun, ní oṣù kẹfà ọdún náà.

Ohun tí ó yẹ kí a kíyèsí ni pé ìwé ńlá náà kò kúrò lọ́wọ́ ẹni tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Network Solutions ni ó ṣì dì í mú, ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sì ń san dọ́là 9 fún un lórí orúkọ kan lọ́dọọdún, kí ó tó di dọ́là 6 ní ọdún 2000. Ọdún yẹn kan náà ni VeriSign ra Network Solutions. Ní ọdún 2003 ó ta apá tí ń bá ará ìlú dòwò, ó sì fi ìwé ńlá sọ́wọ́ ara rẹ̀. Ọlọ́gbọ́n ta ìsọ̀, kò ta oko.

Ìlànà yìí ni ó bí alágbàtà. Ní oṣù kìíní ọdún 2000, ilé-iṣẹ́ Tucows ti ìlú Toronto ní Kánádà gbé ètò kan jáde tí ó pè ní OpenSRS. Kò bá ará ìlú du ọjà. Àwọn alágbàtà nìkan ni ó ń tà fún, ní dọ́là 10 lórí orúkọ kan fún ọdún kan. Ó tún fún wọn ní ètò kọ̀ǹpútà tí wọn yóò fi máa tà á lójú-ìwé tiwọn, ní orúkọ tiwọn, ní iye tí ó bá wù wọ́n. Dọ́là 6 lọ sí ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ni ìwé ńlá, dọ́là 4 tí ó kù ni Tucows fi ń jẹun. Nígbà tí àwọn mìíràn ṣì ń gba dọ́là 35 lọ́wọ́ ará ìlú, alágbàtà tí ó ra tirẹ̀ ní 10 lè tà á ní 20, kí inú oníbàárà dùn kí tirẹ̀ náà sì dùn. eNom náà gba ọ̀nà yìí, GoDaddy sì dá Wild West Domains sílẹ̀ fún irú òwò kan náà. Bí ọwọ́ ti ń pọ̀ sí i ni iye ń wálẹ̀, títí ó fi kù díẹ̀ kí iye tí alágbàtà ń rà á bá iye tí ìwé ńlá ń gbà dọ́gba.

Ibẹ̀ ni ó yẹ kí ìṣirò ti bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, owó tí VeriSign ń gbà lórí .com kan dé dọ́là 10 àti sẹ́ǹtì 26, láìka owó ICANN tí kò tó sẹ́ǹtì 25. Kò sí ilé-iṣẹ́ tí ó lè sá fún owó méjèèjì yìí. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń kéde .com ní dọ́là 2 ń pàdánù ni, kì í sì í ṣe nítorí àánú. Ọdún àkọ́kọ́ ni ó fi ń fa oníbàárà wọlé. Ní ọdún kejì ni yóò gba owó rẹ̀ padà, pẹ̀lú èlé. Alágbàtà tí ó bá fi iye ọdún àkọ́kọ́ polówó ọjà tirẹ̀ ni yóò dúró níwájú oníbàárà nígbà tí ọdún bá yípo, nítorí oníbàárà kò mọ ilé-iṣẹ́ kankan lẹ́yìn rẹ̀. Iye ìsọdọ̀tun ni iye ọjà yìí gan-an.

Bí owó ṣe lè pọ́ọ́kú kí nǹkan sì bàjẹ́ hàn gbangba ní ọdún 2007, nínú ọ̀ràn RegisterFly. Alágbàtà ni ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà yìí jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ọjà eNom ni ó ń tà, kí ó tó ní àṣẹ tirẹ̀. Ẹ̀dínwó rẹ̀ fa èrò púpọ̀. Nígbà tí ó ṣe, àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í kígbe pé àwọn ti san owó ìsọdọ̀tun, síbẹ̀ orúkọ àwọn ti kú, nítorí pé owó náà kò dé ibi tí ó yẹ kí ó dé. Àwọn tí wọ́n fẹ́ kó orúkọ wọn lọ sí ibòmíràn kò rí àṣírí-ọ̀rọ̀ tí wọn yóò fi kó o gbà. Láàárín èyí, àwọn tí wọ́n ni ilé-iṣẹ́ náà ń bá ara wọn ṣe ẹjọ́. Ní oṣù kẹta ọdún 2007, ICANN kéde pé òun gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n gbígba àṣẹ kọ́ ni ìṣòro náà. Ta ni ó ni orúkọ wo? Inú kọ̀ǹpútà RegisterFly ni àkọsílẹ̀ wà, ICANN sì ní láti lọ sí ilé-ẹjọ́ kí ó tó lè rí i gbà. Àwọn tí ó fi ara fara gbá a jù lọ ni àwọn tí wọ́n ti sanwó kí ilé-iṣẹ́ náà bá wọn fi orúkọ àti àdírẹ́sì wọn pamọ́: orúkọ iṣẹ́ ìpamọ́ náà ni ó wà nínú ìwé, kì í ṣe tiwọn. Níkẹyìn, nǹkan bí orúkọ 850,000 ni wọ́n kó fún GoDaddy ní oṣù karùn-ún ọdún náà. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ ti kú kí ìrànwọ́ tó dé kò ní ẹni tí yóò sunkún sí lọ́rùn.

Àdéhùn ọdún 2001 ti sọ pé kí ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan máa fi ẹ̀dà àkọsílẹ̀ oníbàárà pamọ́ sí ọwọ́ ẹni kẹta; ó ku kí wọ́n ṣe é. Lẹ́yìn RegisterFly ni ICANN tó yan Iron Mountain láti máa gba ẹ̀dà náà. Àdéhùn ọdún 2009 tún mẹ́nu kan alágbàtà fúnra rẹ̀: kò gbọdọ̀ dọ́gbọ́n ṣe bí ẹni tí ICANN fún ní àṣẹ, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kí oníbàárà lè mọ ilé-iṣẹ́ tí orúkọ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó pẹ́ kí ó tó dé, ṣùgbọ́n ó dé.

Láti inú ìtàn yìí ni àwọn ìbéèrè tí alágbàtà ń bèèrè lónìí ti wá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé púpọ̀ nínú wọn kò mọ orísun wọn. Ilé-iṣẹ́ alósùnwọ̀n máa ń gba owó àsansílẹ̀ lọ́wọ́ alágbàtà, yóò sì máa yọ iye orúkọ kọ̀ọ̀kan kúrò nínú rẹ̀. Bí ilé-iṣẹ́ náà bá wó, inú rẹ̀ ni owó náà wà. Nítorí náà, ẹni tí ó ń ta orúkọ mẹ́wàá lóṣù kò ní ìdí láti kó owó ọgọ́rùn-ún orúkọ sílẹ̀ nítorí ẹ̀dínwó sẹ́ǹtì díẹ̀. Bákan náà ni orúkọ tí a kọ sínú ìwé: ti oníbàárà ni ó yẹ kí ó jẹ́, kì í ṣe ti alágbàtà. Alágbàtà tí ó bá kọ orúkọ ara rẹ̀ fún ìrọ̀rùn ti sọ ara rẹ̀ di RegisterFly kékeré, ì báà jẹ́ olóòótọ́. Ìyípadà ilé náà kò sì ní òpin: Tucows ra eNom ní oṣù kìíní ọdún 2017 ní dọ́là mílíọ̀nù 83 àti ààbọ̀, àwọn alágbàtà tí wọ́n ti fi ọ̀kan sílẹ̀ lọ sí èkejì sì bá ara wọn lábẹ́ òrùlé kan náà.

Ní Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ náà ní apá mìíràn. Ọdún 1995 ni .ng dé, ọdún 2005 ni wọ́n dá àjọ NiRA sílẹ̀, ọdún 2009 sì ni àkóso .ng bọ́ sí ọwọ́ rẹ̀. NiRA kò ta orúkọ fún ará ìlú. Àwọn ilé-iṣẹ́ tí ó fún ní àṣẹ ni wọ́n ń tà á, lábẹ́ wọn ni àwọn alágbàtà sì wà. Náírà ni wọ́n fi ń san án. Dọ́là ni ti .com. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan kò tíì tó náírà 480 ní ọjà ìjọba. Kí ó tó di òpin ọdún 2024, ó ti kọjá 1,500. Alágbàtà tí ó bá gba owó ọdún mẹ́ta lọ́wọ́ iléèwé kan ní náírà ṣáájú ìgbà náà, tí ó sì ń san án fún ilé-iṣẹ́ òkè òkun lọ́dọọdún, ní láti fi owó tirẹ̀ dí àlàfo náà, tàbí kí ó padà lọ bá ọ̀gá iléèwé pẹ̀lú àlàyé. Èyí tí ó san ọdún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́ẹ̀kan náà ní ọjọ́ tí ó gbowó kò ní ìdí láti lọ.