Ẹ̀sùn Ará Màrókò àti Òfin Tó Ti Ilẹ̀kùn Mọ́ Ọn

Nígbà tí ìjọba amúnisìn gba ilẹ̀ Àpápá, Amodu Tijani, Olóyè Olúwa ti Èkó, pè é lẹ́jọ́ lórí owó gbà-má-bínú. Ẹjọ́ náà dé ilé ẹjọ́ tó ga jù ní ilẹ̀ ọba Gẹ̀ẹ́sì, ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Ní 1921, wọ́n dá a láre pé àwùjọ rẹ̀ ló ni ilẹ̀ náà, kí wọ́n sì san owó rẹ̀ ní kíkún. Kì í ṣe gómìnà tí a fẹ̀sùn kàn ló dá ẹjọ́ ara rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ fún àwọn ará Màrókò. Ní oṣù Keje, 1990, Gómìnà Raji Rasaki fún wọn ní ọjọ́ méje péré láti kó ẹrù wọn. Ní ọjọ́ 14, katakata wọlé. Nǹkan bí 300,000 ènìyàn di aláìnílé. Ìjọba ní ilẹ̀ náà rẹlẹ̀, pé omi lè bò ó. Síbẹ̀, wọ́n padà fi yanrìn kún un, ilé olówó gọbọi sì hù níbẹ̀. Àwọn tí wọ́n lé wá fẹ̀sùn kàn pé àwọn aláṣẹ gbà á fún ọlọ́rọ̀ ni. Ìjọba fún àwọn tí ó kà sí onílé ní ibùgbé ní Ẹ̀pẹ́ àti lójú ọ̀nà Lẹ́kìí. Ayálégbé kò rí nǹkan kan gbà.

Ta ni yóò gbọ́ ẹ̀sùn wọn? Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti 1978 ti fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà. Abala 29 ka ilé àti irè oko sí ohun tí a ń san owó lé lórí. Ní ti ilẹ̀ fúnra rẹ̀, owó ìṣákọ́lẹ̀ ọdún kan ṣoṣo ni. Bí aáwọ̀ bá dìde lórí iye owó, abala 30 darí rẹ̀ sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ tí gómìnà yàn. Abala 47 sì ní ilé ẹjọ́ kankan kò gbọdọ̀ yẹ iye náà wò.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní agbọ́ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Òfin 1978 kọjá ìyẹn: ẹni tí a fẹ̀sùn kàn ló ń yan adájọ́. Òfin ìpìlẹ̀ 1999 sì dáàbò bo òfin náà, débi pé àtúnṣe rẹ̀ ṣòro bí àtúnṣe òfin ìpìlẹ̀ gan-an. Ilẹ̀kùn tí Amodu Tijani gbà wọlé lábẹ́ àjèjì ni a tì mọ́ ọmọ onílẹ̀ lábẹ́ ìjọba tiwa-n-tiwa.