Ìmọ̀ àti Ìgbàgbọ́: Ọ̀rọ̀ Àwọn Gíríìkì Lẹ́nu Yorùbá

Ìwó, ìlú Odò Ọba, kì í ṣe àjèjì sí ẹ̀kọ́. Ẹ̀sìn Ìsìláàmù àti ilé-kéwú ti fìdí múlẹ̀ níbẹ̀ láti ayé Olúwòó Momodu Lamuye, Mùsùlùmí àkọ́kọ́ tí ó jọba ìlú náà, tí ó sì wàjà ní 1906. Ní 2002, Yunifásítì Bowen, tí Ìjọ Onítẹ̀bọmi dá sílẹ̀, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ìlú kan náà. Ọ̀nà méjì ni ọ̀rọ̀ àwọn ọlọ́gbọ́n Gíríìkì ayé àtijọ́ lè gbà dé etí ọmọ Ìwó: èdè Lárúbáwá àti èdè Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn Gíríìkì pe ẹ̀kọ́ wọn ní ‘philosophia’, èyí ni ìfẹ́ ọgbọ́n. Lẹ́nu àwọn Lárúbáwá, ó di ‘falsafa’. Lẹ́nu àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ó di ‘philosophy’. Ìbéèrè wa ni pé: ṣé a ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ yá ọgbọ́n inú àwọn ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni, àbí a ti ní irú rẹ̀ nílé?

Ẹ jẹ́ kí á yẹ méjì wò. ‘Doxa’ ni èrò tàbí ohun tí ènìyàn gbà pé bẹ́ẹ̀ ló rí. ‘Epistēmē’ ni ìmọ̀ gan-an. Nínú ìwé rẹ̀ tí ń jẹ́ Meno, Plato fi ọ̀nà ìlú Larissa ṣe àpẹẹrẹ. Kí á fi tiwa rọ́pò rẹ̀: ẹnìkan ti rin ọ̀nà Ìwó sí Ìbàdàn láìmọye ìgbà, ẹnì kejì kàn gbọ́ pé Lálúpọn ni wọ́n ń gbà kọjá ni. Bí àwọn méjèèjì bá júwe ọ̀nà fún àlejò, àlejò yóò dé. Kí wá ni ìyàtọ̀? Plato ní èrò tí a kò so mọ́lẹ̀ a máa sá lọ. Àlàyé ìdí ọ̀rọ̀ ni okùn tí a fi ń so ó. Nínú ìwé Theaetetus, ó fi kún un pé adájọ́ lè dá ẹjọ́ olè bí ó ti tọ́ láti inú ohun tí wọ́n rò fún un, síbẹ̀ ẹni tí ìṣẹ̀lẹ̀ ṣojú rẹ̀ nìkan ló mọ̀.

Yorùbá ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Barry Hallen àti J. Olubi Sodipo, olùkọ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀, gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ bá àwọn oníṣègùn Yorùbá, ìwé wọn sì jáde ní 1986. Wọ́n rí i pé ‘mọ̀’ wà fún ohun tí a fi ojú ara wa rí, tí ọkàn wa sì jẹ́rìí sí. Ohun tí a gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn, ìgbàgbọ́ ni. Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀: gbà, gbọ́. Bí a bá sì dán ìgbàgbọ́ wò tí ó yege, ó lè di ìmọ̀. Àwọn Gíríìkì náà ní ọ̀rọ̀ mìíràn, ‘oida’, tí ó túmọ̀ sí ‘mo mọ̀’. Inú ọ̀rọ̀ ‘rí’ ni gbòǹgbò rẹ̀ ti wá.

Síbẹ̀, wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Lójú Plato, ojú a máa tan ènìyàn. Òye ni ó ń rí òtítọ́ tí kì í yí padà. Àwọn oníṣègùn wa ní tiwọn gbé àfojúrí ga.

Ẹ̀yin olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́, bí a bá fi òṣùwọ̀n yìí wọn ara wa, púpọ̀ nínú ohun tí a ń kà lákàsórí ní kíláàsì, ìgbàgbọ́ ni. Èyí kì í ṣe ẹ̀gàn sí ìwé. Ó ń rán wa létí pé kí á dán ohun tí a kà wò, kí á sì lè sọ ìdí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kò sì mọ ní kíláàsì. Ní 399 ṣáájú ìbí Jésù, ilé ẹjọ́ Athens dá Socrates, olùkọ́ Plato, lẹ́bi ikú. Nínú àwíjàre rẹ̀ bí Plato ṣe kọ ọ́, ó ní àhesọ tí àwọn adájọ́ ti ń gbọ́ nípa òun láti kékeré ni òun bẹ̀rù jù. Wọ́n gbọ́, wọ́n gbà, wọ́n sì ṣe bí ẹni tí ó mọ̀. Bí ẹnìkan bá pariwo ‘olè’ lé ọmọ ọlọ́mọ lórí lọ́jà, kí á kọ́kọ́ bi í: ṣé o rí i ni, àbí o gbọ́ ọ?